Ọjọ́ Márùn-ún Lójú Ọ̀nà Ìjì 1925, Pẹ̀lú Póòsìkáàdì 31

Ṣáájú kí a tó gbéra

Ọjà àlòkù kan ní Chicago ni mo ti ra èyí àkọ́kọ́, dọ́là 3. Fọ́tò ilé alájà méjì kan ni. Ògiri iwájú ti lọ pátápátá, bí ìgbà tí èèyàn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Lókè, bẹ́ẹ̀dì kan wà nínú yàrá, aṣọ orí rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ́. Nísàlẹ̀, ọkùnrin kan tó dé fìlà dúró ti òkìtì bíríkì, ó gbé garawa lọ́wọ́, ó tẹjú mọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò. Lẹ́tà funfun ni wọ́n fi kọ orúkọ ìlú àti déètì sísàlẹ̀: Murphysboro, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1925. Lẹ́tà S inú orúkọ náà dojú kọ òdì.

Lẹ́yìn káàdì, obìnrin kan fi lẹ́ẹ̀dì kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ohio. Ó ní gbogbo àwọn ló yè, apá ọkọ òun nìkan ló kán. Ó ní ilé inú fọ́tò kì í ṣe tàwọn, ti aládùúgbò ni. Kí ẹ̀gbọ́n òun wo ibi tí òun fi àmì X sí. Mo yí káàdì padà, mo ń wá X. Ó wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn ọkùnrin onígaràwá yẹn: àkàsọ̀ sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Ilé tí àkàsọ̀ náà ń gbé èèyàn wọ̀ kò sí mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kó wọn jọ. Wọ́n ti di 31, ìjì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jẹ mọ́. Ọjọ́rú ni, ní ọ̀sán. Ààjà ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Missouri, ó la Illinois já, ó wọ Indiana. Wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ ló fi rìn, máìlì 219 ni wọ́n kà á sí, èèyàn 695 ló kú. Títí di òní, kò sí ààjà tó pa tó bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ tó tún ìwádìí náà ṣe ní ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn jẹ́ ti ìjì mìíràn, ṣùgbọ́n máìlì 174 níbẹ̀ jọ ti ọ̀kan ṣoṣo.

Ìsẹ́yìn ni mo dàgbà sí. Ààjà tiwa ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò ju kó gbé eruku àti ewé yípo lórí pápá iléèwé, ká sì sá. Àwọn àgbà ní ààjà lè gbé ọmọ wọgbó, kó kọ́ ọ ní ewé àti egbò fún ọdún púpọ̀, kó tó dá a padà di oníṣègùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ohun tí ààjà Amẹ́ríkà ṣe nínú káàdì yẹn, ojú mi kò kúrò lára àkàsọ̀ mẹ́ta náà. Mo ní màá lọ dúró níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ní òun kò gbọdọ̀ gbọ́ pé èmi nìkan wa ọkọ̀ ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́ kìíní, Sátidé. Chicago sí St. Louis

Aago mẹ́fà àárọ̀ la gbéra, ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n la dé St. Louis. Àgbàdo tí wọ́n ti kórè nìkan la rí lójú ọ̀nà.

Ọ̀sán la fi wo ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun àtijọ́. Nínú ọ̀kan, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n to póòsìkáàdì sínú páálí bàtà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tó ni ìsọ̀ náà fa ọ̀kan yọ fún mi: ṣọ́ọ̀ṣì tó wó, àwọn obìnrin mẹ́rin níwájú rẹ̀. Ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ Murphysboro 1925 sí igun ẹ̀yìn. Dọ́là 25. Inú mi dùn débi pé n kò dúnàádúrà.

Alẹ́ ni mo tó gbé awò mọ́ ọn ní mótẹ̀ẹ̀lì. Níbi tí èèyàn ń lẹ sítáǹbù mọ́, wọ́n máa ń tẹ orúkọ bébà sí i. AZO ló wà lára tèmi, ó sì ní onígun-mẹ́ta kéékèèké mẹ́rin ní igun rẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá nàka sókè, bébà àárín 1904 sí 1918 ni. Bí méjì bá nàka sókè, tí méjì nàka sílẹ̀, ó jẹ́ 1918 sí 1930. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tèmi ló nàka sókè. Mo wá wo aṣọ àwọn obìnrin yẹn: yẹ̀rì wọn ń gbálẹ̀. Ní 1925, yẹ̀rì ti gòkè dé agbede ojúgun.

Ó dùn mí ju owó lọ. Ìlú kan wà níbì kan tí ìjì wó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wá bọ́ lára fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú mìíràn wọ̀ ọ́ nítorí pé ìyẹn ló ń tà. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká padà lọ bá a." Mo ní rárá, ọ̀nà wa jìn. Mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà lé orúkọ èké náà, mo tì í sínú àpò ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ kejì, Sunday. Ellington, Annapolis, afárá Chester

Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ní ìjì náà balẹ̀ nítòsí Ellington. Òkè àti igbó ni gbogbo agbègbè yẹn. A dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a jẹ búrẹ́dì àti ẹja inú agolo, a kò rí ohunkóhun tó fi hàn pé nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní Annapolis, ó wó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú kékeré náà, ó sì kọjá lọ. N kò ní káàdì kankan láti ibẹ̀. Ìyẹn ti ń kọ mí lóminú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé n kò wá a dáadáa ni.

Ìrọ̀lẹ́ la gba afárá Chester kọjá odò Mississippi. Afárá yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. 1942 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tó di oṣù Keje 1944, ìjì gbé apá rẹ̀ ṣubú sómi, ọdún 1946 ni wọ́n tó tún un ṣe tán. Àbúrò mi tó ń wakọ̀ ní kí n má sọ ìtàn yẹn fún òun títí a ó fi dé òdìkejì. Chester ni ẹni tó kọ́kọ́ ya Popeye, atukọ̀ inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ yẹn, ti wá. Ère Popeye wà létí odò níbẹ̀. A sùn.

Ọjọ́ kẹta, Mọ́ńdè. Gorham àti Murphysboro

Gorham kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí Chester. Ìlú ojú irin ni. Mo ní káàdì kan láti ibẹ̀: igi pákó tó fọ́ títí dé ibi tí ojú ríran dé, reluwéè nìkan ló la àárín rẹ̀ kọjá. Ó lé ní èèyàn 30 tó kú ní ìlú tí kò tó nǹkan yẹn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ reluwéè, mo gbé káàdì sókè níwájú mi, mo ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí irin inú fọ́tò àti irin inú ilẹ̀ fi bára mu. Ibi tí ayafọ́tò yẹn dúró sí nìyẹn. Ọkọ̀ ẹrù gígùn kan kọjá, a dúró dè é tán.

Àwọn tó rí ìjì náà ní kò jọ ààjà rárá. Kò ní ìrù tó rọ̀ wálẹ̀ bí èyí tí a ń rí nínú fíìmù. Ó dà bí ìkùukùu dúdú tó ń hó tó sì ń yí lórí ilẹ̀, ó sì ń sáré bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko tó mọ̀ pé òjò kọ́, ó ti dé. Nínú káàdì 31 mi, kò sí ọ̀kan tó ní ìjì náà fúnra rẹ̀ nínú. Ohun tó ṣe nìkan ló wà níbẹ̀.

Láti Gorham, a gba ọ̀nà 149 wọ Murphysboro. Ní 2:34 ọ̀sán ni ìjì wọ ìlú yìí. Èèyàn 234 ló kú níbẹ̀. Murphysboro jẹ́ ìlú òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ilé iṣẹ́ ńlá tí ilé-iṣẹ́ rélùwéè Mobile and Ohio ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe wà níbẹ̀, ó sì wó lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Àwọn iléèwé wó, àwọn ọmọ sì wà nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni iná sọ. Ìjì ti ba ilé omi jẹ́, nítorí náà omi kò jáde nínú páìpù, iná ń jó àwọn ilé tí àwọn èèyàn há sábẹ́ wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló kó dókítà àti nọ́ọ̀sì wá.

Ọkọ̀ ojú irin kan náà ló kó àwọn ayafọ́tò wá. Ibí yìí ni mo ti wá mọ ìdí tí Murphysboro fi jẹ́ 19 nínú 31 mi. Nígbà yẹn, Kodak ti ń ta kámẹ́rà kan tí wọ́n ń pè ní 3A láti 1903. Fíìmù rẹ̀ àti póòsìkáàdì, ìwọ̀n kan náà ni. Ayafọ́tò kò nílò láti sọ àwòrán di ńlá. Yóò gbé nẹ́gétíìfù, ìyẹn fíìmù tó ti ní àwòrán lára, lé bébà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ́ póòsìkáàdì tẹ́lẹ̀, yóò tan iná sí i, yóò rì í sínú oògùn, yóò sá a gbẹ. Ó lè ya fọ́tò ní àárọ̀, kó sì ti máa tà á ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá fẹ́ kọ orúkọ ìlú, tàdáwà dúdú ni yóò fi kọ ọ́ sára nẹ́gétíìfù, ní òdì, kí ó lè ka dáadáa bó bá tẹ̀ ẹ́. Ibi tí tàdáwà wà, ìmọ́lẹ̀ kò ní kọjá, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi jáde ní funfun. Ẹni tó kọ tèmi rántí yí gbogbo lẹ́tà yòókù padà, ó gbàgbé S. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ ti rẹ̀, tàbí kó máa gbọ̀n.

Ní ilé ìkàwé ìlú, mo gbé káàdì àkàsọ̀ mẹ́ta jáde. Ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú un létí méjèèjì bí ẹni mú ọmọ tuntun, ó gbé awò lé e. Ó kọ́kọ́ wo sítáǹbù. Ó ní aláwọ̀ ewé tó ní orí Franklin, sẹ́ǹtì 1, nítorí náà wọ́n fi ránṣẹ́ kí oṣù Kẹrin tó dé ọjọ́ 15, torí pé ọjọ́ yẹn ni owó póòsìkáàdì di sẹ́ǹtì 2. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìjì tí obìnrin yẹn kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nínú àgọ́, nítorí àgọ́ ni Red Cross pa fún àwọn tí ilé wọn lọ.

Ìyá náà wá wo ẹ̀yìn fọ́tò, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí n kò fi bẹ́ẹ̀ wò rí. Ó rí ṣímínì gíga kan àti òrùlé gígùn. Ó mú máàpù àtijọ́ jáde, ó fi ìka tọ ọ̀nà kan títí, ó ní ilé iṣẹ́ rélùwéè nìyẹn, àfi kí a wá láti ìhà ibí tàbí ìhà ọ̀hún. Òpópónà méjì ló kọ fún wa.

A fi ẹsẹ̀ rin méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ti èkejì ga díẹ̀ lápá ọ̀tún, bíi ti inú káàdì gẹ́lẹ́. Ilé wà níbẹ̀ báyìí, ilé onípákó funfun, pẹ̀lú koríko tí wọ́n gé. Kò sí àkàsọ̀ sìmẹ́ǹtì. Bàbá àgbàlagbà kan ń gbá ewé, ó rí wa tí a ń gbé káàdì sókè sódò, ó wá bá wa. Mo kí i, mo ṣàlàyé. Ó wo káàdì náà pẹ́. Ó ní òun kò lè búra pé ilé òun ni tàbí ti ẹ̀gbẹ́ òun. Ó wọlé, ó gbé ìgò kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń rọ jáàmù sí. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń gbẹ́ ilẹ̀ láti gbin tòmátì ni òun ń rí i. Gíláàsì ni, èérún rẹ̀, ṣùgbọ́n etí wọn kò mú. Wọ́n ti yọ́, wọ́n rì sínú ara wọn bí ìda àbẹ́là, ọ̀kan sì gbé ìṣó kan há sínú. Àbúrò mi fi ọwọ́ kan èyí tó ní ìṣó, ó yára dá a padà.

Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì sí bàbá náà létí. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin yẹn ti ní gbogbo àwọn ló yè, ó ṣí fìlà.

Ọjọ́ kẹrin, Túsìdeè. De Soto, West Frankfort, Parrish

Ọ̀nà 149 yìí kan náà ló lọ sí De Soto, ó tún gba ibẹ̀ lọ sí West Frankfort. Àfi bí ẹni pé ìjì ló la ọ̀nà yẹn.

Káàdì De Soto tí mo ní, n kò fi ń han ọmọdé. Kò sí òkú nínú rẹ̀. Iléèwé alájà méjì ni, òkè ti wó sínú ìsàlẹ̀, àwọn ọkùnrin sì tò sórí rẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣa bíríkì kúrò. Ọmọ 33 ló kú níbẹ̀. Kò sí iléèwé mìíràn ní Amẹ́ríkà tí ààjà pa ọmọ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún wọn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń kéde ojú ọjọ́ nígbà náà ti ka ọ̀rọ̀ náà "tornado", tí wọ́n fi ń pe irú ìjì yìí, léèwọ̀ nínú ìkéde, wọ́n ní ẹ̀rù á ba ará ìlú, 1938 ni wọ́n tó yí i padà. Nílé, àwa náà kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, ilẹ̀ gbígbóná là ń pè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ilẹ̀ gbígbóná ti wọ ìlú kejì, kò sí ìyá tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ìyá tó fi ọmọ ránṣẹ́ síléèwé ní De Soto lọ́jọ́ yẹn kò gbọ́ orúkọ gidi, kò gbọ́ orúkọ àdàpè. Inú ṣì ń bí mi sí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé West Frankfort.

Ìlú èédú ni ìyẹn. Àwọn ọkùnrin wà lábẹ́ ilẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìjì gba orí wọn kọjá. Iná mànàmáná kú, ẹ̀rọ tó ń gbé wọn gòkè dúró, ọ̀nà àsálà ni wọ́n gùn jáde. Nígbà tí wọ́n yọrí síta, àdúgbò wọn ni wọ́n kò rí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ní ìlú náà jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, torí pé àwọn ló wà nílé. Káàdì mẹ́rin ni mo ní láti ibẹ̀. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan jókòó sórí àga ìjókòó jíjẹun láàárín pápá, aṣọ iṣẹ́ kùsà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni kùsà Orient No. 2 ti bú gbàmù ní oṣù Kejìlá 1951, tí awakùsà 119 kú, ọjọ́ Kérésì ku bí ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀sán la wá Parrish. Ó ní ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ibùdókọ̀ ojú irin kí ìjì tó dé. Ìjì gbá a lọ, ilé tó ṣẹ́kù kò ju mélòó kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè kò sì padà wá kọ́lé. Oko ni ibẹ̀ báyìí, àti ilé díẹ̀ tó jìnnà síra. A wakọ̀ kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó mọ̀ pé òun ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí àpò mi, kò sí nǹkan tí màá gbé sókè láti fi wé ilẹ̀ yẹn. N kò ní káàdì Parrish. N kò tíì rí ọ̀kan rí, bẹ́ẹ̀ odindi ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá a. Àwọn tí wọn ì bá rà á láti fi kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n wọn ti lọ. Bóyá ayafọ́tò kan tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó wò ó láti ojú fèrèsé, tó ń lọ sí ìlú tó tóbi jù ú lọ.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́rú. Griffin, Princeton, ilé

A kọjá odò Wabash wọ Indiana láàárọ̀. Ní Griffin, kò sí ilé kan tí ìjì kò bà jẹ́. Káàdì méjì tí mo ní láti ibẹ̀ jọra wọn: ẹrẹ̀, igi tí kò ní èèpo mọ́, ẹṣin kan tó dá dúró. Ìlú tó kéré, tó dákẹ́. Princeton tóbi jù ú lọ, ìdajì rẹ̀ ló lọ. Ilé kọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì wà láàárín ìlú, a jẹun lẹ́bàá rẹ̀. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ìjì náà parẹ́ nítòsí Petersburg. A dé ibẹ̀ ní aago méjì, ọ̀nà ilé sì jìn, a kò dúró pẹ́.

Mo délé ní alẹ́, n kò lè sùn. Mo tú álíbọ́ọ̀mù mi, mo tún un tò, kì í ṣe bí mo ṣe rà wọ́n mọ́, bí ìjì ṣe dé ìlú kọ̀ọ̀kan ni. Ellington, ojú ewé òfìfo. Annapolis, òfìfo. Gorham, ọ̀kan. Murphysboro, 19. De Soto, ọ̀kan. West Frankfort, mẹ́rin. Parrish, òfìfo. Griffin, méjì. Princeton, mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé ojú ewé òfìfo wà nínú rẹ̀.

Ẹni bá ń wo páálí póòsìkáàdì níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ẹ yí i padà kọ́kọ́. Bí AZO bá wà níbi sítáǹbù, kí onígun-mẹ́ta méjì nàka sókè, kí méjì nàka sílẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà funfun ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sódì: Parrish, tàbí Annapolis. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá ṣọ́ọ̀ṣì tó wó mọ̀, tí obìnrin mẹ́rin nínú yẹ̀rì gígùn dúró níwájú rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ mi nínú àpò ọ̀tọ̀, mo fẹ́ mọ ìlú tó ni ín.